Nǹkan Yẹ́lò Ẹ̀yìnkùlé àti Ẹranko Orí Òkè

Òórùn ẹja yíyan ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀ sí àdúgbò wa ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà níbí. Àmọ́ lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọ̀rẹ́ mi, igi jíjẹrà ló ń rùn lẹ́yìnkùlé wa. Òjò ò dá, ọkọ̀ ojú omi tí bàbá wa fi sílẹ̀ kú sì ń jẹrà lọ níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí nǹkan yẹ́lò kan lára pákó rẹ̀, ó tàn kálẹ̀ bí ẹyin tó fọ́. Nígbà tilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, ó ti kúrò níbi tó wà. Háà! Mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi ọkùnrin ní Kánádà, torí kò sẹ́lòmíì tí mo lè fi hàn. Èmi àti Màámi nìkan la wà nílé, ojú wọn ò sì ríran dáadáa mọ́.

Àbúrò mi fèsì kíá, àmọ́ ohun tí kì í ṣe ló sọ. Ó ní kì í ṣe olú, kì í ṣe ẹranko, kò lẹ́nu, síbẹ̀ ó lẹ́mìí, ó ń wá oúnjẹ kiri. Lòun náà bá fi fídíò ẹranko kékeré kan ránṣẹ́, èyí tó yà lórí òkè tó wà nítòsí ibiṣẹ́ rẹ̀. Ó rí roboto, ó jọ ehoro tétí ẹ̀ ò gùn, ó kó koríko sẹ́nu, ó ń sáré. Àbúrò mi wá ṣàlàyé:

"Ó ń kó o pa mọ́ de ìgbà òtútù ni. Ṣe ló máa ń dá gbé. Tí èkejì ẹ̀ bá sún mọ́ koríko yẹn, á lé e dànù."

Bó ṣe di eré wa nìyẹn, ká máa fi tiẹ̀ wé tèmi. Tiẹ̀ ń sáré, tèmi ń wọ́ nílẹ̀. Tiẹ̀ máa ń han, tèmi ò lóhùn. Mo fi igi pín tèmi sí méjì, kó tó dalẹ́, ó ti so pọ̀ padà. Mo gbóhùn sílẹ̀ fún un: "Tèmi ò mọ̀ ọ́n dá gbé o. Ìwọ náà, máa bọ̀ nílé. Màámi ń bèèrè ẹ."

Ó gbọ́ ọ. Ó dáhùn: "Ẹ má bínú, sìstá mi. Koríko mi ò tíì tó."

Mo rẹ́rìn-ín, ni mo bá bú sẹ́kún. Màámi gbọ́ mi láti yàrá.

"Kí ló sọ?"

"Ó ní òun ò tíì lè wá, mà."

Màámi bá ní: "Èmi ò ní kó wá o, ọmọ mi. Ìwọ lò ń pè é."

Òótọ́ ni wọ́n sọ: èmi ni mi ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò fi Màámi bojú pe àbúrò mi wálé mọ́. Tí ilé bá dá jù, mo kàn máa ń sọ fún un pé àárò rẹ̀ ń sọ mí. Kò tíì wá. Àmọ́ òun náà ti ń sọ ọ́ fún mi.