Iṣu Tí A Sin Sábẹ́ Kajú

Bàbá mi kì í fẹnu kan iṣu tuntun àyàfi èyí tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ wú nínú ebè tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó bí bàbá rẹ̀ náà ṣe lẹ́yìn òkè wa níbí. Olórí ilé ló ń kọ́kọ́ wú u. Yóò gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá ebè, yóò ṣe àmì àgbélébùú nítorí pé ọmọ ìjọ Àgùdà ni, yóò wá máa pe àwọn òkú ilé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì sọ fún wọn pé ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kò tíì kú. Lẹ́yìn náà ni a óò tó jẹ. Fáda kan bi í nígbà kan pé ta gan-an ló ń gbàdúrà sí. Bàbá ní, "Mon père, gbogbo wọn ló ń gbọ́." Fáda rẹ́rìn-ín, ó sì gba iṣu méjì lọ sílé.

Làbókò ni iṣu náà, èyí tó máa ń tètè gbó jù, tí àwọn ará Kutonu ń tìtorí rẹ̀ wá sí ọjà Glazoué. Tó bá di oṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn èrò tó ń lọ gbàdúrà sí Màríà ní Arigbo bá ń wọ́ wọ̀lú pẹ̀lú rosárì lọ́rùn, Bàbá á tú ẹ̀gbẹ́ ebè, á gé iṣu lọ́rùn, kò sì ní fa ìtàkùn rẹ̀ tu. Á da ilẹ̀ padà bò ó. Ìtàkùn yẹn á tún ta àwọn iṣu kéékèèké sí i, àwọn yẹn la sì ń fi ṣe èbù tí a óò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Bí a ṣe ń jẹ ẹ́ náà la ṣe ń tọ́jú irú rẹ̀. Ìyá mi ló ń gba èyí tí wọ́n bá gé, á sì fi eérú pa ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà kó má baà rà.

Kajú wá dé. Kì í ṣe pé a kò ní kajú tẹ́lẹ̀ o. Ààlà oko la fi ń ṣe, igi kan níhìn-ín, igi kan lọ́hùn-ún, tí àwọn ọmọdé ń mu èso rẹ̀ tí wọ́n sì ń fi omi rẹ̀ ba aṣọ jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọkùnrin kan tó ń rà á fún àwọn ará òkè òkun gun alùpùpù wá sílé wa. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní, "Bàbá, l'extérieur, òkè òkun lọ́hùn-ún, ló ń béèrè o. Gbogbo ayé ló ń jẹ ẹ́. Inú bààlúù pàápàá, òun ni wọ́n fi ń mu ọtí."

Bàbá ní, "Gbogbo ayé?"

"Gbogbo ayé, Bàbá."

Mi ò gbàgbé bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Ọkùnrin tí kò kọjá Bọ̀hìkọ́n rí, ayé ránṣẹ́ sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ló ti ń wá irúgbìn kiri. Ó gbin kajú sáàárín ebè, ó gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ àká, bí ìyá mi bá jókòó pẹ́ jù, mo rò pé ì bá gbìn ín sí i lẹ́sẹ̀.

Mi ò ní parọ́ mọ́ kajú. Ó ṣe wá lóore. Òun ló kan páànù sórí ilé wa, òun ló ra alùpùpù fún àbúrò mi ọkùnrin, òun náà ló sanwó yàrá tí mo gbà ní Kàlàfí nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Àwọn àgbà ní bí iṣu ẹni bá ta, a máa ń fi ọwọ́ bò ó jẹ. Ti kajú kò ṣeé fọwọ́ bò. Gbogbo abúlé rí páànù wa tó ń dán, kí o sì tó ṣẹ́jú, gbogbo ẹ̀yìn òkè ti di igbó kajú.

Àmọ́ igi náà kì í bá nǹkan gbé. Nígbà tó kéré, iṣu ń ta lábẹ́ rẹ̀, inú wa dùn, a ní a ti rí méjì gbà. Nígbà tó dàgbà tí ewé rẹ̀ kan ara wọn, oòrùn kò kan ilẹ̀ mọ́, ìtàkùn iṣu sì di pupa. Bàbá kó èbù rẹ̀ lọ sétí oko. Igi lé e débẹ̀. Ó kó o gun ẹ̀gbẹ́ òkè níbi tí òkúta ti pọ̀ ju ilẹ̀ lọ. Lọ́dún kan, òjò dá kó tó yẹ kó dá, ìwọ̀nba èbù tó ṣẹ́ kù sì rà mọ́ inú àká. Ìyá sunkún. Bàbá ní kí ló ń sunkún sí, ṣé iṣu kọ́ ni? Ó ní tí a bá ta kajú, a ó rà á. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé iyọ̀ ló tán nílé.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ń ra kajú kò wá. Nígbà tí ọ̀kan wá, iye tó pè jẹ́ ẹ̀sín. Ó ní àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pa á lókè òkun ṣì ní èyí tó pọ̀ nílẹ̀. Lọ́dún mìíràn ìjọba ní kajú kò gbọdọ̀ jáde lórílẹ̀-èdè wa láìpa mọ́, àwọn tó yẹ kó wá fi ọkọ̀ kó o kò sì dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá ń bi mí pé kí ni a ṣe. Èmi tó fi owó kajú rán lọ sí iléèwé, mi ò lè sọ fún un ẹni tí a ṣẹ̀ àti ibi tó ń gbé. Kajú kún yàrá, ebi sì wà nínú ilé. Kajú kì í ṣe ohun tí èèyàn lè gún.

Ìrẹsì la wá ń jẹ, èyí tó wá nínú àpò láti èbúté Kutonu. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò náà. Ibi tí wọ́n ń kó kajú wa lọ ni ìrẹsì náà ti wá. Mo rò ó títí, orí fọ́ mi.

Olùkọ́ ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nílùú Dásà, ìtàn àti jógíráfì ni mò ń kọ́ wọn. Lọ́dọọdún, mo gbọ́dọ̀ kọ́ wọn bí àwọn orílẹ̀-èdè tálákà ṣe ń wọ ọjà àgbáyé: kí oníkálùkù ta ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù, kó sì ra èyí tó kù lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lójú pátákó, ó dán mọ́rán. Inú máa ń bí mi débi pé ẹfun á ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ta ló sọ fún àwọn tó kọ ìwé náà pé gbogbo ohun tí èèyàn bá fi sílẹ̀ ló ṣeé rà padà?

Torí Bàbá kò jẹ iṣu mọ́. Láti ọdún tí èbù ti rà ni kò ti jẹ ẹ́, ìbáà jẹ́ tuntun, ìbáà jẹ́ ògbólógbòó. Kò ní kí àwa má jẹ. Ìyá á ra iṣu ní Glazoué, a ó gún un, a ó jẹ ẹ́, òun á sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo ìrẹsì rẹ̀. Ó ń rù. A gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan.

Ìyá ní, "Ọmọ mi, bàbá yín ń kú lọ lójú mi. Kì í ṣe àìsàn. Ojú ló ń tì í láti bá àwọn òkú rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Òun ló mú àbá kan wá. A ra làbókò kan tó yọrí lọ́wọ́ obìnrin ará Aklampa kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, a lọ sí oko, a wá ebè àtijọ́ kan tí oòrùn ṣì ń kan díẹ̀ láàárín kajú méjì. Ìyá wú ilẹ̀, mo tẹ́ iṣu sí i, a bò ó, a sì ri ìtàkùn kan tí a fà nínú igbó mọ́ ọn lórí. A ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ iléèwé tó ń jí máńgò ká. Nígbà tí a délé, Ìyá sọ fún un pé òun rí iṣu kan tó lalẹ̀ hù lábẹ́ kajú, pé ó dà bíi làbókò wa.

Bàbá dìde. Ó wọlé, ó wọ ẹ̀wù tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìgbà tí mo rí ẹ̀wù yẹn ló yẹ kí n ti dá a dúró. A jọ lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ti ọkọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ ló fi ń tú ilẹ̀. Kò tilẹ̀ wú iṣu náà tán kó tó ṣe àmì àgbélébùú, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe bàbá rẹ̀.  Ó gbé iṣu náà jáde, ó sì fi àtàǹpàkò nu erùpẹ̀ ọrùn rẹ̀.

Ó gbé àtàǹpàkò náà sókè. Eérú ló wà níbẹ̀.

Mo wo Ìyá. Ìyá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kí a tó kúrò nílé ní ìdájí, ó ti yà sídìí ààrò, ó ti fi eérú pa iṣu náà lọ́rùn, bó ṣe ń ṣe sí gbogbo iṣu tí wọ́n bá gé láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é. Òun gan-an kò mọ̀.

Bàbá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá wọn, iṣu tó wà nínú ilẹ̀, ta ló fi eérú pa á lọ́rùn?"



Ó ní, "Ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebè, tó ní òun gbin igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, á jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ gbin ẹyọ kan."

Ó jókòó sílẹ̀ nínú ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. "Mo ti pe bàbá mi," ó ní. "Ó ti dá mi lóhùn. Kí ni kí n wá sọ fún un báyìí?" Ìyá dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, ó ń bẹ̀ ẹ́. Bàbá ní kó dìde, pé kì í ṣe Ìyá ló gbin kajú.

Ìjọ̀gbọ̀n yẹn mú nǹkan kan sọjí nínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, ó gbé àáké. Àbúrò mi ti ta alùpùpù rẹ̀, ó ti gba Nàìjíríà lọ, ó ń po sìmẹ́ǹtì fún àwọn bíríkìlà, nítorí náà Bàbá àti alágbàṣe kan ló gé ìwọ̀nba igi tí agbára wọn ká. Mo lọ bá wọn wá èbù làbókò ní Aklampa. Bàbá kọ ebè fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìbàdí tó ń ro ó. Ìtàkùn jáde, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò kajú ṣì gba abẹ́ ilẹ̀ kan, àwọn igi tó yí i ká kò sì yéé ṣíji bò ó. Ní oṣù kẹjọ ó tú ebè kan, ó tú òmíràn, ó tú gbogbo rẹ̀. Èyí tó tóbi jù níbẹ̀ kò ju ọmọ ìka lọ. Lọ́jọ́ yẹn, kò pe ẹnikẹ́ni. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì wálé.

Ọdún tó kọjá, iṣu tuntun tún dé ọjà. Ìyá ra tirẹ̀, ó gún un. Mo wà nílé torí ọlidé ni. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nígbà tí Bàbá wọlé, ó fa àpótí kan, ó jókòó tì wá.

Ó ní, "Ẹ bù fún mi."

Ọwọ́ Ìyá dúró lórí ìkòkò. "Bàbá wọn, ṣé kí n bu omi wá kí ẹ fi pe àwọn òkú ilé?"

"Rárá. Bu ọbẹ̀ sí i."

Láti ọdún mélòó kan wá ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí bàbá mi jẹ iṣu. Àdúrà mi gbà, ó sì dà bíi pé wọ́n gbé òkú rẹ̀ wọlé wá bá wa. Ó jẹun dáadáa. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nu ẹnu, ó wo Ìyá.

"Ó dùn," ó ní. "Oko ta ni?"

"Ti obìnrin ará Aklampa yẹn ni."

"Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ kú," ni bàbá mi wí, ó sì na àwo rẹ̀ pé kí wọ́n tún bù sí i.