Sọ́fítíwíà Mẹ́ta fún Ohùn Kan

Dókítà ti sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin pé iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ ọrùn wọn lè yí ohùn wọn padà. Ìkòkò ni ìyá yìí ń tà l'Ọ́jà'ba, àwọn ló sì ń dá orin wákà fún ẹgbẹ́ àsàlátù wa ní Bẹẹrẹ. Wọ́n ní kí n gba orin àwọn sílẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kan ọrùn àwọn. Èmi ni mo ní kọ̀ǹpútà nínú agbo ilé, n kò ríbi sá sí.

Mo wá sọ́fítíwíà tí èèyàn fi ń gba orin sílẹ̀ nílé, mo sì ṣa mẹ́ta. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìkejì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń sanwó rẹ̀, ó sì lè fọ ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò lára ohùn. Ìkẹta, oṣooṣù ni owó rẹ̀. Ẹni tí kò bá san án mọ́, wọn a tilẹ̀kùn mọ́ orin rẹ̀. Ìkejì ló wù mí. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ṣùgbọ́n owó tèyí ju agbára mi lọ.

Mo ṣàlàyé fún ìyá. Wọ́n ní iye tí ọlọ́jà bá kọ́kọ́ pè kọ́ ni iye ọjà, kí n ná an. Mo ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, kò sẹ́ni tí mo lè bá ná an. Wọ́n ní ọjà wo ni kò ní ọlọ́jà. Ní ti olóṣooṣù, wọ́n ní ohùn àwọn ò ní ṣe ayálégbé lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ti ọ̀fẹ́ ló bí wọn nínú jù.

"Ẹni tí o ò rajà lọ́wọ́ ẹ̀, tó ń fún ẹ léènì, kí ló ń wá?"

Wọ́n ní kí n ní sùúrù, pé ọlọ́jà ìkejì á já owó wálẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ń bọ̀, ẹ̀rù sì ti ń bà mí. Nígbà tó ku ọ̀la, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Mo gbé ti ọ̀fẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, mo fi fóòmù dí fèrèsé, ìyá sì kọrin. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń kùn lábẹ́ ohùn wọn, kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ orin ló ń yéèyàn.

Ìyá dé láti ọsíbítù pẹ̀lú ohùn tó ki, tó sì kéré. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn wá kí wọn; ẹlòmíì ló dá orin, ìyá kàn ń mi orí. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyá ní kí n fi orin tí mo gbà sílẹ̀ lọ́jọ́sí sí i. Wọ́n gbọ́ ọ dópin. Àánú wọn ṣe mí gan-an, mo ti ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú.

"Ìyẹn ti wà nílẹ̀," ni wọ́n wí. "Gba èyí tí mo ní báyìí náà sílẹ̀."

Mo tẹ bọ́tìnì. Wọ́n fa ohùn wálẹ̀, wọ́n sì tún orin náà dá láti ìbẹ̀rẹ̀.