Jìgá Inú Yàrá Ìyá Ọkọ Mi

Omi àlùwàlá ni mo ń dà sẹ́sẹ̀ nígbà tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko iṣu dé ni, mo sì rò pé ẹ̀gún ló gún mi. Mo họ ọ́. Ó dùn mọ́ mi, mo tún họ ọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ìrun alásàrí ni mo fẹ́ kí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí irú yúnyún aládùn bẹ́ẹ̀ bá mú yín létí èékánná ẹsẹ̀, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ wá ẹni tí ojú rẹ̀ ríran dáadáa kó wò ó fún yín lọ́jọ́ náà gan-an.

Jìgá ni. Nígbà yẹn, àjèjì ló ṣì jẹ́ fún wa ní Kambolé, ìlú wa. Àwọn àgbà ní kò sí i nígbà èwe àwọn, wọ́n ní àwọn aláàárù tó ń bọ̀ láti etí òkun ló fi ẹsẹ̀ gbé e wá. Kòkòrò kékeré kan ni, ó ń fò bí iná ara ajá, inú eruku gbígbẹ ló sì ń gbé. Abo rẹ̀ á wọ abẹ́ awọ ẹsẹ̀ ènìyàn, á fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, á máa mu ẹ̀jẹ̀, ikùn rẹ̀ á kún fún ẹyin títí yóò fi tó èso ọkà bàbà. Tí ẹ bá wò ó, ẹ ó rí nǹkan funfun roboto kan tó ní ojú dúdú láàárín. Ojú dúdú yẹn ló ti ń da ẹyin rẹ̀ sílẹ̀, ẹyin á bọ́ sínú eruku, àwọn ọmọ á sì wá ẹsẹ̀ mìíràn wọ̀.

Ibo ni eruku ti wá nínú ilé wa? Ìbéèrè yẹn ló ń bí mi nínú títí dòní. Wọ́n pè mí ní ọ̀bùn ní Kambolé. Àwọn obìnrin tí a jọ ń lọ sódò ń wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n ń sún sẹ́yìn. Èmi tí mo ń gbálẹ̀ láràárọ̀! Àmọ́ yàrá tí mo ń sùn, wọn kò jẹ́ kí n gbá a.

Yàrá Ìyá Àgbà ni, ìyá Búráímọ̀ ọkọ mi. Ó ti kú ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, ẹrù rẹ̀ kò sì bá a lọ. Igbá tò léra dé àjà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti là. Ìkòkò wà tí kò ní ìdérí, ìdérí wà tí kò ní ìkòkò. Ẹní mẹ́jọ ló jẹrà ní kíká níbi tí wọ́n fi wọ́n tì sí. Gàárì ẹṣin baba ọkọ mi wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹṣin náà ti kú kí àwọn Jámánì tó wọ Sokodé. Eku ti bímọ sínú àpò òwú, adìẹ ń yé sínú agbọ̀n. Ààyè tó kù fún èmi ìyàwó kò ju fífẹ̀ ẹní kan lọ. Bí mo bá ní kí n gbé igbá kan kúrò kí n gbá abẹ́ rẹ̀, ariwo á ta.

Ohun tó fà á rèé. Àrùn ẹ̀gbà ló pa Ìyá Àgbà. Ẹ̀gbà ni kí apá kan ara ènìyàn kú nígbà tí apá kejì ṣì wà láàyè. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohùn rẹ̀ kò gòkè, kò sì sọ̀ mọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá ń lọ tẹ́ẹ́rẹ́ lójú kan. Lọ́jọ́ tó kú, gbogbo wa wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó la ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ohun tí a gbọ́ ni pé, “Ẹ fi ẹrù mi sílẹ̀.” Kò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Ọkọ mi sunkún, ó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ni, àmánà ni, ohun tí òkú fi lé wa lọ́wọ́ kí a máa ṣọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹrù ìyá òun.

Ọjọ́ kẹrin tí yúnyún bẹ̀rẹ̀, Asétù ló kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣe mí. Ẹrú Ìyá Àgbà ni Asétù. Láti ilẹ̀ Kabiyè ni wọ́n ti kó o nígbà tí kò tíì ju ọmọ tó ń gbé igbá lọ, ó sì ti sìn nínú ilé náà títí irun rẹ̀ fi ń funfun. Inú ilé ìdáná ló ń sùn, nítorí pé igbá ti gba ibi tí ènìyàn ìbá sùn. Ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó wò ó, ó ní, “Ìyàwó, jìgá ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀gún yọ ọ́ kó tó pọ̀.”

Búráímọ̀ gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Kí ni ẹrú mọ̀ nípa ẹsẹ̀ ìyàwó mi?” Ó mú ọ̀bẹ tó fi ń bó iṣu, ó jókòó tì mí, ó sì gé e fúnra rẹ̀. Kò yọ ọ́ tán. Ó bẹ́ ikùn kòkòrò náà sínú ẹran ara mi, ẹ̀jẹ̀ dà, ó fi eérú dí i, ó dìde bí ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Mi ò ní purọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mi ò lè ka iye jìgá tó wà ní ẹsẹ̀ náà mọ́. Ojú tí ọ̀bẹ gé di egbò, egbò di ọyún, ìyẹn omi funfun tó máa ń rùn tí ìdọ̀tí bá wọ ara. Ẹsẹ̀ wú títí èékánná fi rì. Kókó kan yọ ní ìsàlẹ̀ ikùn mi, níbi tí itan ti pàdé ara, kò ṣé fọwọ́ kàn. Bí kókó bá yọ síbẹ̀ tí egbò sì wà lẹ́sẹ̀, ẹ mọ̀ pé májèlé egbò náà ti ń gòkè nínú ara, ẹ má dúró mọ́. Ibà mú mi, mo ń gbọ̀n fún òtútù lábẹ́ oòrùn ọ̀sán. Ìrora náà kì í dáwọ́ dúró, ó ń lù kìkì, kìkì, pẹ̀lú ọkàn mi. Ìka méjì tó kéré jù bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ibi tó dúdú yẹn nìkan ni kò sì dùn mí. Mo rò pé ó ti ń san ni.

Wọ́n so aṣọ mọ́ ọ̀pá, wọ́n gbé mi sínú rẹ̀. A sùn ní Tchamba, a dé Sokodé ní ọjọ́ kẹta, a wọ̀ sílé ìbátan ọkọ mi kan ní àdúgbò Komah. Òyìnbó Jámánì kan ń tọ́jú àwọn tí wọ́n ń fi tipá kó ṣe ojú ọ̀nà, nínú abà kan lẹ́yìn ìlú. Ilẹ̀ la jókòó sí, láti òwúrọ̀ títí òjìji fi wọ abẹ́ ẹsẹ̀ wa. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni egbò wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n kó wọn kúrò lóko wọn láti wá fọ́ òkúta fún ọ̀nà tí wọn kò ní rìn, jìgá jẹ ẹsẹ̀ wọn níbẹ̀, wọ́n wá ń tọ́jú wọn kí wọ́n lè padà lọ fọ́ òkúta. Inú bí mi dé ibi pé mo gbàgbé ìrora fúngbà díẹ̀.

Òyìnbó náà fọ ẹsẹ̀ mi pẹ̀lú omi kan tó ń ta bí ata. Ògbufọ̀ rẹ̀ ń fi Hausa bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní ìka méjì ti kú, wọn ó gé wọn. Ó ní bí dídúdú náà bá kọjá ọrùn ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ náà ni wọn ó gé. Lẹ́yìn náà ló béèrè irú ilẹ̀ tí mo ń sùn lé. Mo sọ fún un. Ó wo ọkọ mi, ó sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan, ògbufọ̀ sì ké e kúrú: “Ó ní tí obìnrin yìí bá padà sínú eruku yẹn, kò ní fi ẹsẹ̀ méjì rìn mọ́.”

Wọ́n fi aṣọ tí wọ́n ta oògùn sí bo imú mi. Nígbà tí mo jí, ìka mi ti di mẹ́jọ.

Ọjọ́ méjìlá la lò ní Komah. Bí a ti ń padà bọ̀, mo rò pé Búráímọ̀ á ní kí wọ́n kó yàrá náà kí a tó délé. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bi í, ó ní, “Àmínátù, àmánà ni. Ọ̀rọ̀ òkú ni.”

Mo ní, “Ẹsẹ̀ tèmi ńkọ́? Ta ni Ọlọ́run fi àmánà tirẹ̀ lé lọ́wọ́?”

Ó ní kí n má bá òun jà lójú ọ̀nà.

Mi ò wọ yàrá náà. Inú ilé ìdáná lọ́dọ̀ Asétù ni mo tẹ́ ẹní sí, ilẹ̀ ibẹ̀ le, ó ń dán, Asétù ń wọ́n omi sí i kó tó gbá a láràárọ̀. Kò sí jìgá kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gún tú àwọn tó kù ní gìgísẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń ya awọ yí i ká díẹ̀díẹ̀ títí tí gbogbo rẹ̀ fi jáde láìbẹ́, ó ń sọ wọ́n sínú iná, ó sì ń fi òróró pa ojú ihò. Bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ gé e.

Mo ń bú ẹrù Ìyá Àgbà bó ṣe ń ṣe é. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Ìyàwó, ìyá kò dárúkọ ẹrù.”

“Kí ló wá sọ?”

“Ẹrú ló wí. Ó ní kí wọ́n fi ẹrú òun sílẹ̀. Èmi ni. Láti ọdún tí baba ti kú ló ti ń sọ ọ́ fún mi pé lọ́jọ́ tí òun bá kú, mo ti bọ́.”

 Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ nígbà náà.

“Mo sọ. Kí wọ́n tó sin ín ni mo sọ. Baálé yín ní ẹrú ń purọ́ láti gba ara rẹ̀. Ta ló tún bi mí lẹ́yìn ìyẹn?”

Mo sunkún, ìbínú ló fà á, èmi fúnra mi sì wà nínú àwọn tí mo ń bínú sí. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà! Mo rí ọwọ́ Ìyá Àgbà, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ Asétù ló dì mú. Ohùn rẹ̀ kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀ mọ́, àwa la fún ọ̀rọ̀ náà ní ohùn tó wù wá. Ọdún mẹ́ta ni a fi ń ṣọ́ igbá fífọ́, tí ènìyàn ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

Mo fi igi tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àfáà ìlú lọ́jọ́ kejì. Ó ránṣẹ́ pe Búráímọ̀ àti gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá lọ́jọ́ ikú náà. Kò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n gbọ́. Ó bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé ọwọ́ ta ni ìyá dì mú. Ọwọ́ Asétù, ni gbogbo wọn wí. Ó kan ọkọ mi. Ó ní, “Ọwọ́ Asétù ni.”

Àfáà ní, “Búráímọ̀, ta ni í di ọwọ́ ènìyàn mú tí á máa sọ̀rọ̀ igbá?”

Lójú gbogbo wa ló kéde pé Asétù ti di ẹni òmìnira láti ọjọ́ tí ìyá ti kú, pé ilé wa ló jẹ̀bi ọdún mẹ́ta tó ti fi sìn.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi kó yàrá náà jáde. Mo jókòó sórí odó ní àárín agbo ilé, mo gbé ẹsẹ̀ lé orí àpótí, mo ń tọ́ka: èyí sínú iná, èyí fún aládùúgbò, èyí sínú iná. Búráímọ̀ di gàárì ẹṣin mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo ní kó lọ mú ẹṣin wá. Ó jù ú sínú iná, ó yíjú sẹ́yìn, àánú rẹ̀ sì ṣe mí díẹ̀, nítorí ìyá rẹ̀ ló rò pé òun ń tọ́jú. Àwo idẹ kan àti aṣọ funfun kan la fi pamọ́. Nígbà tí ilẹ̀ hàn, eruku náà ń fò lójú wa. A da omi gbígbóná sí i, a fi ìgbẹ́ màlúù àti omi èèpo èso igi irú rẹ́ ẹ, a lù ú títí ó fi le.

A ní kí Asétù mú ohun tó bá wù ú. Ó ní òun kò fẹ́ nǹkan kan tó ti inú yàrá yẹn jáde. Ó lọ sí Tchamba lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Egbò mi jiná nígbà tí iṣu tuntun ń jáde. Mo ń yẹ̀ sí òsì díẹ̀ bí mo bá ń rìn, mi ò sì lè gbé ẹrù tó wúwo lórí mọ́. Ìka méjì tí wọ́n gé ṣì máa ń yún mi. Ẹ má bẹ̀rù bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ara kì í tètè gbà pé ohun tó lọ ti lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹsẹ̀ méjì ni mo fi ń dúró kírun. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí ìlú ń wí: wọ́n ní Búráímọ̀ mà gbìyànjú o, ó gbé ìyàwó rẹ̀ dé Sokodé. Wọ́n kí i ní mọ́sálásí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Asétù.

Nígbà tí àgbàdo gbẹ, yúnyún tún mú mi ní gìgísẹ̀. Mi ò họ ọ́. Mo dìde lọ sí Tchamba. Ojú ọ̀nà ọjà ni ilé Asétù wà, ilé kékeré kan tí iwájú rẹ̀ mọ́ tónítóní, àwọn tí jìgá mú sì tò síwájú rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi. Olóko wà níbẹ̀, oníṣòwò obì wà níbẹ̀, olúkúlùkù gbé iṣu tàbí àgbàdo tirẹ̀ dání. Mo rò pé Asétù á rí mi, á sì dìde wá pàdé mi. Mo kọjá gbogbo wọn, mo dé iwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi, mo rí i. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo èrò tó wà lẹ́yìn mi, ó fi ẹ̀gún ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí ìdí igi.

“Àmínátù, káàbọ̀. Lọ jókòó sẹ́yìn wọn, yóò kàn ọ́.”

Mo lọ jókòó.