Màmá Dọ́káàsì Alásè àti Iná Tó Jó Iléèwé Wa

Ó dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́run, Màmá Dọ́káàsì, alásè iléèwé girama wa, abiyamọ tí kì í bi ọmọ léèrè pé ta ló bí i kó tó bu oúnjẹ fún un.

Àwọn ọmọ yín ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú yín yìí. Mo ní èmi ló yẹ kó kẹ́yìn nínú àwọn tí yóò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ dárúkọ mi.

Gbogbo Ìdànrè ló mọ̀ pé ọ̀sán ọjọ́ ọyẹ́ kan ni iná jó iléèwé wa. Fọ́ọ̀mù tíríì ni mo wà. Koríko ti gbẹ, afẹ́fẹ́ sì le. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, iná ti gun òrùlé ilé ìdáná, ó ti dé kíláàsì, ó ti mú ilé tí àwọn ọmọbìnrin ń sùn sí. Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ lu agogo. Lẹ́yìn náà lẹ wọ yàrá àwọn aláìsàn. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹ fa méjì lọ́wọ́, ẹ pọn ẹ̀kẹta jáde. Títí dòní, bí mo bá rántí ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni ọkàn mi kọ́kọ́ ń lọ: wọ́n kà wá lórí pápá, a sì pé.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá iléèwé kó wa jọ, ó béèrè ẹni tó rí ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀. Mo nawọ́. Mo ní, "Ilé ìdáná ni, sà." Èéfín ni mo kọ́kọ́ rí níbẹ̀, n kò rí ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú yí sí mi, ó sì dùn mọ́ mi pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi ní kí ẹ lọ jókòó sílé. Àwọn tó ń kí yín tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà mìíràn. Nínú ìjọ Aládùúrà yín pàápàá, mo gbọ́ pé àyè ẹ̀gbẹ́ yín máa ń ṣófo.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Aládé ni wọ́n ti ń kọ́ wa títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ni ọkùnrin kan tó ń bá olóko kòkó ṣiṣẹ́ ti Ofosu wá bá ọ̀gá. Ó ní òun lòun dáná sun koríko lẹ́yìn ilé ìdáná, tí afẹ́fẹ́ gbé e, tí ẹ̀rù sì mú òun sá lọ sí Ofosu. Ó ní láti ìgbà tí òun ti gbọ́ pé obìnrin kan ló ru ẹ̀bi òun, ọkàn òun kò balẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Èmi fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sá fún yín. Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo wá sílé yín ní Odode. Ẹ ń bó ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mà, èmi ni mo sọ fún ọ̀gá pé..."

Ẹ kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ẹ ní, "Mo mọ̀. Ẹ̀yìn ọ̀gá ni mo dúró sí lọ́jọ́ tí o nawọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí, mà?"

"Wọn ì bá ní mò ń wá ẹni tí n óò di ẹ̀bi rù. Dìde. Ẹni tó rí èéfín kò tíì rí ìdí iná. Lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo sọ ọ́ níwájú gbogbo iléèwé. Mo ní èéfín ni mo rí, n kò rí ìdí iná. Ọ̀sẹ̀ yẹn lẹ padà sẹ́nu iṣẹ́, lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bu ẹ̀wà fún mi bí ẹ ti bù ú fún gbogbo ènìyàn, kò dín, kò lé. Mò ń jẹ ẹ́, omi ń bọ́ lójú mi.

Nígbà tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀ lọ́dún yìí, mo wá dirun fún yín. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta náà gbé ọmọ tuntun rẹ̀ wá, ẹ sì gbé e lé àyà. Mò ń sunkún bí mo ti ń kọ èyí, ṣùgbọ́n àyà mi fúyẹ́. Ẹ kò gbé ẹ̀sùn kankan lọ, èmi náà kò sì fi ohunkóhun pa mọ́ fún yín.

Ẹ ti bọ́ wa, Màmá. A yó. Ẹ sùn re o.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọláṣadé