Ọjọ́ Tí Sólómọ́nì Gbé Ọmọ Fún Ìyá Èké

Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ bí aṣọ akọrin tí mo wọ̀ fún ogún ọdún ṣe bọ́ lọ́rùn mi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Ílọrin. Títí dòní, àwọn kan ṣì ń sọ pé èmi ni mo ba ọ́pẹ́rà jẹ́. Ẹ gbọ́ tẹnu mi náà!

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Tísà ni mí nígbà náà. Ọ̀gá akọrin wa ló kọ eré náà, orin ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: Sólómọ́nì àti àwọn obìnrin méjì tó ń du ọmọ kan. Èmi ló kọ́kọ́ ní kí n ṣe ìyá gidi. Mo gbé ìwé orin lọ sílé, mo sì ń fi orin tí ìyá yẹn fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún rẹ ọmọ-ọmọ mi, tí ìyá rẹ̀ máa ń fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi tó bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Táíwò Road.

Tólú làwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pe ọmọ náà. Oríkì rẹ̀ nílé ni Àlàní. Àkànní ló wà nínú ìwé orin, ṣùgbọ́n ta ló ń fi oríkì ọmọ ẹlòmíì rẹ ọmọ tirẹ̀? Àlàní ni mo ń kọ ní tèmi.

Nígbà tó ku oṣù kan, ọ̀gá akọrin ní ìyàwó òun ni yóò ṣe ìyá gidi, kí n lọ ṣe ìyá èké. Ó ní ohùn mi ti ń gbó. Ohùn wo? Ohùn tó ń gbé orin rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé! Mo gba ti ìyá èké. Ìgbà tí wọ́n wá ń wá ọmọ tí wọn yóò gbé sórí ìtàgé, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n wá? Ọ̀dọ̀ èmi náà ni! Ọmọ mi gbà kí wọ́n lo Tólú. Oṣù mẹ́wàá ló jẹ́. Ọmọlangidi la fi ń ṣe ìdánrawò.

Ọ̀sán Sátidé la ṣe é. Àlejò kún ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá akọrin pè mí sẹ́yìn kọ́tìnnì.

"Màmá Tísà, mo mọ inú yín. Tí ẹ bá da eré yìí rú, kí ẹ bọ́ aṣọ akọrin sílẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́.

Bùròdá Sámù, télọ̀, ni Sólómọ́nì. Ó we láwàní rẹpẹtẹ. N'Ílọrin, ta ni yóò gbà pé ọba ni ọ́ láìwe láwàní? Idà pákó tí wọ́n fi bébà dídán wé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá gidi ló yẹ kó kọ́kọ́ kọrin, kí ọmọ dákẹ́, kí ọba tó dá ẹjọ́.

Ọmọ rí láwàní. Ó rí idà. Ó figbe ta!

Ìyàwó ọ̀gá bẹ̀rẹ̀: "Àkànní, má sunkún mọ́." Igbe ń le sí i. Ó tún un kọ. Ọmọ ń ta á nípàá láyà, gèlè rẹ̀ yẹ̀. Ẹni tó ń tẹ ọ̀gáànù padà síbẹ̀rẹ̀ nígbà kẹta. Àlàní wá rí mi lápá kejì, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Tí mo bá lanu, aṣọ mi lọ. Mo wo ọ̀gá akọrin. Ó mi orí sí mi pé rárá, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ohùn ọmọ ti ń há.

Mo lanu. "Àlàní, má sunkún mọ́..."

Ọmọ dákẹ́ wẹ́lo! Ó tún rẹ́rìn-ín!

Ṣọ́ọ̀ṣì hó yèè. Màmá kan kígbe láti ẹ̀yìn: "Kábíyèsí, kí lẹ tún ń wò? Ẹ gbé ọmọ fún ọlọ́mọ!"

Ẹlòmíì ní: "Ẹ ju idà yẹn sílẹ̀ jàre, ẹjọ́ ti parí!"

Bùròdá Sámù wo ọ̀gá akọrin, ó wo ìjọ. Òógùn ń kán lábẹ́ láwàní. Ló bá gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá gidi, ó gbé e lé èmi ìyá èké lọ́wọ́! Àwọn akọrin bú sí orin ìparí pé Ọlọ́run ló fún ọba lọ́gbọ́n. Àlejò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ní ìpàdé akọrin, ọ̀gá wa ní mo ti kọ́ ọmọ náà sílẹ̀ láti fi ìyàwó òun ṣẹ̀sín. Ọmọ oṣù mẹ́wàá! Kò sẹ́ni tó gbèjà mi. Bùròdá Sámù ń wo bàtà ara rẹ̀. Mo fọ aṣọ náà, mo lọ̀ ọ́, mo ká a, mo gbé e sórí àga ọ̀gá akọrin.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, mo pàdé ìyàwó rẹ̀ ní Ọjà-Ọba. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Màmá Tísà, èmi ò bẹ̀bẹ̀ fún orin yẹn. Bàbá Dúpẹ́, ọkọ mi, ló fi dandan lé e. Mi ò mọ oríkì ọmọ yẹn ni. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Oṣù kan gbáko ni mo fi ń gbọ́ tó ń kọ Àkànní sí ọmọlangidi. Mo mọ̀ pé Àlàní kò ní dá a lóhùn. Mo jókòó, mo ń wò ó.

Mi ò tíì dárí ji ọkọ rẹ̀ o, mi ò sì ṣèlérí! Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tí wọ́n gbé ipò wa fún lè má jẹ́ ọ̀tá wa, àti pé èèyàn lè da eré rú láìtíì lanu.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ mọ̀ rí tẹ́ ẹ fi dákẹ́? Ẹ má purọ́ fún mi, tísà ni mí. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí n kà á.