Ẹ̀kán Méjìlélógójì

Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ mi tí kò dán. Kíláàsì kẹrin ni mo kà dé, bíírò kò sì mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìgbẹ́ gbuuru ló gbé ẹ̀gbọ́n ìyá mi kúrò ní ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní ọjà Dantokpa lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Gbégamey. Òun ló tọ́ mi. Màmá ni mo ń pè é. Nọ́ọ̀sì so ìgò omi kọ́, ó fi abẹ́rẹ́ sí i lọ́wọ́. Ó ní ọkàn Màmá kò lágbára, omi náà kò gbọdọ̀ yára: ìdajì lítà fún wákàtí mẹ́rin. Ó ṣírò rẹ̀ lójú mi, ó ní ẹ̀kán méjìlélógójì ni kó máa kán ní ìṣẹ́jú kan.

"Máa kà á. Bó bá yí padà, pè mí."

Tẹ̀sùbáà Màmá ni mo fi ń kà á. Fóònù ń ka ìṣẹ́jú, èmi ń fa ìlẹ̀kẹ̀: mẹ́tàlélọ́gbọ̀n dé ibi ààlà, mo tún fi mẹ́sàn-án lé e.

Nígbà tó yá, Màmá ní, "Àsárì ti ń wọlé bọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi okùn yìí ṣe àlùwàlá? Ṣí i díẹ̀, kó tètè tán."

"Nọ́ọ̀sì ní..."

"Ṣé nọ́ọ̀sì ló tọ́ ẹ ni?"

Mo yí kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lára okùn náà. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré débi pé n kò lè kà á mọ́. Kò pẹ́ púpọ̀ tí Màmá fi ń mí hẹlẹ, tó ń wúkọ́. Mo pa á dé, mo ké. N kò mọ̀ pé mo ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó gbé e jókòó, ó fún un ní abẹ́rẹ́ àti afẹ́fẹ́, títí èémí rẹ̀ fi rọlẹ̀.

"Ta ló fọwọ́ kan nǹkan yìí?"

Màmá ló dáhùn: "Èmi ni. Mo fẹ́ kírun."

"Ẹ̀yin náà, Màmá! Ṣé Ọlọ́run ń lé yín ni?"

Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí nọ́ọ̀sì tó so ìgò mìíràn, mo lọ bá a nídìí tábìlì rẹ̀. Mo ní, "Tàntí, ọwọ́ èmi ló yí i." Lẹ́yìn náà, mo gbé àga mi sí àárín Màmá àti kẹ̀kẹ́ ara okùn náà, mo mú tẹ̀sùbáà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.