Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Mi Lé Àwọn Obìnrin Wọlé

Bí o kò bá tíì gbóòórùn páìpù omi tí wọ́n ń yan lórí èédú rí, mo bá ọ yọ̀, nítorí òórùn náà máa ń wọ imú èèyàn bí àyálégbé tí kò fẹ́ kó jáde. Ẹ̀yìnkùlé ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà ní Òkè-Àgbò ni mo ti pàdé rẹ̀. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, àwọn tó ń yan gàrí nílé kejì ti dáná, èéfín tiwọn àti èéfín tiwa wá dà pọ̀, tó jẹ́ pé ebi ń pa mí, èébì sì ń gbé mi lẹ́ẹ̀kan náà. A ti ki yanrìn kún inú páìpù náà bámúbámú kí ó má baà fún pọ̀ níbi tí a fẹ́ tẹ̀. Wẹ́dà ń yí i lórí iná bí ẹni ń sun àgbàdo, èmi sì ń fi aṣọ tútù tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Imú la ń mọ fún ọkọ̀ mi.

Ìwọ náà mọ ọkọ̀ náà. Ó ti kó ẹja, ó ti kó obì, ó ti gbé ìyàwó tuntun, ó sì ti gbé òkú kan rí tó jí lójú ọ̀nà, tó ní kí n dúró kí òun ra bọ̀ọ̀lì. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi òkú náà. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: bí oòrùn bá ti mú, tí ẹrù sì wà nínú rẹ̀, kì í lè gun òkè. Yóò wúkọ́, yóò gbọ̀n, yóò dúró. Àwọn obìnrin tí mò ń gbé lọ sọ́jà Ibiade á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á gbé agbọ̀n rù, wọ́n á máa fẹsẹ̀ gun òkè lẹ́yìn ọkọ̀ bí ẹni ń sin òkú. Wọ́n á dé orí òkè, wọ́n á tún wọlé. Ó ti mọ́ wa lára, a kò tilẹ̀ rí i mọ́ bí ohun tó burú.

Àkọ́bí mi ló rí i. Abẹ́òkúta ló ń gbé, ó wá kí mi, ó sì bá wa lórí òkè yẹn. Ojú tì í. Ó ní ká ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí èmi wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Mo bi í pé kí n wá máa ṣe kí ni. Ó ní, “Kí ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó.” Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn ẹgbẹ́ wa tí ọmọ wọn fi jókòó. Ẹni tí wọ́n bá ti fi jókòó, kò ní pẹ́ tí yóò fi dùbúlẹ̀, ẹni tó bá sì dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ orí tiwa yìí, ìwọ náà mọ ìyókù. A wá fọwọ́ sí i láàárín ara wa pé yóò wá lọ́jọ́ ọjà, yóò jókòó sínú ọkọ̀, yóò fojú ara rẹ̀ rí i. Bí mo bá gbé èrò láti Japara dé Ibiade láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, kò ní sọ̀rọ̀ títà mọ́. Bí èrò bá sọ̀kalẹ̀, èmi yóò fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Wẹ́dà ló sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ fún mi. Ó ní ooru ara rẹ̀ ló ń mí sínú. Ó ní kí n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì borí kí n wá máa sáré gun òkè, kí n wo bí yóò ti rí lára mi. Ó ti rí i lórí fóònù rẹ̀ bí àwọn kan nílẹ̀ òkèèrè ti ń mú páìpù láti iwájú ọkọ̀ wá sẹ́nu ẹ́ńjìnì kó lè máa fa atẹ́gùn tútù. Tiwọn ń dán gbinrin, tiwa jẹ́ páìpù tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga. A gbé ẹnu rẹ̀ sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ràdíétọ̀. A gé ajọ̀ tí wọ́n fi ń jọ gàrí, a fi fóòmù tẹ́ ẹ nínú, ó di asẹ́ tí yóò gba eruku. A fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ àti wáyà so ìdí rẹ̀ mọ́ kabúrétọ̀, ẹnu ẹ́ńjìnì yẹn, pinpin. Ẹ̀rù òjò wá ń bà mí, kí omi má lọ dúró síbi tí páìpù ti tẹ̀. Mo bá fi ìṣó tó gbóná lu ihò kan sí ikùn rẹ̀ kí omi lè máa jò dànù. Ihò yẹn ni kó o máa rántí.

Nínú àgbàlá, ọkọ̀ náà ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ bí ọmọ tó mu ọmú yó. Lọ́jọ́ ọjà, ọmọ mi jókòó níwájú, ó ká ọwọ́ gbera bí adájọ́. Obìnrin mẹ́ta wà lẹ́yìn: àwọn onígàrí méjì, àti Alájà ẹlẹ́ja tó dàgbà jù nínú wọn, tó ti ń wọ ọkọ̀ mi láti ìgbà tí irun orí mi ṣì pé. Bí a ti kúrò ní Japara tí mo tẹná mọ́ ọn, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí eṣinṣin inú ìgò. Mo tún tẹná. Ó di ohùn àgbàlagbà tó ń nu ọ̀nà ọ̀fun. Nígbà tí òkè yọ sí wa tí mo tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, atẹ́gùn gba ojú ihò ìṣó yẹn kọjá, ọkọ̀ mi sì fi gbogbo ẹnu ké. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tó gbọ́ ọ tí kò ní sọ pé Orò ni.

Ọ̀rẹ́ mi, ìlú tú. Àwọn obìnrin ju igbá sílẹ̀, wọ́n ń sá wọlé. Èyí tó ń yan gàrí fi gàrí sílẹ̀ lórí iná. Ìlẹ̀kùn ń dún gbàgà, gbàgà, láti ìsàlẹ̀ òkè dé òkè. Wọ́n ní àwọn abo ewúrẹ́ pàápàá wọlé, àwọn òbúkọ nìkan ló kù níta. Nínú ọkọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fi ìborùn bo ojú, ọ̀kan nínú àwọn onígàrí ń bẹ̀ mí ṣáá pé kí n sọ òun kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń gun òkè! Ó ń gùn ún bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun. Orí mi wú débi pé n kò fẹ́ dúró. Ìgbà tí mo dúró lórí òkè tí ariwo dákẹ́, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, àwọn onígàrí méjèèjì sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, wọ́n wọ ilé tó sún mọ́ wa jù, wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Alájà nìkan ló kù, nítorí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè sáré.

Àwọn àgbà ọkùnrin jáde sí wa. Ọ̀kan wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Lèsí rán ọ níṣẹ́?” Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi, páìpù ni. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fi ihò hàn án. Ó wò ó títí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dí i kíákíá, kí n sì lọ sọ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n jáde, gàrí ń jóná. Mo fi ọṣẹ dí i. Mo wá lọ dúró sẹ́nu ìlẹ̀kùn, mo ní kì í ṣe Orò, ọkọ̀ mi ni. Ohùn kan láti inú ilé ní, “Ṣé ọkùnrin kọ́ lẹ jẹ́ ni? Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹ kò tàn wá?” Láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn la ti kọ́ wọn pé kí wọ́n má wo ohun tó ń ké. Báwo ni n óò ṣe wá ní kí wọ́n yọjú?

Ọmọ mi na ọwọ́. Ó rọra sọ ọ́, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Bàbá, wọ́n ti sọ̀kalẹ̀.” Mo ti yọ kọ́kọ́rọ́, ó ti wà lọ́wọ́ mi, nígbà tí Alájà sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìborùn rẹ̀ pé kí n mú òun lọ wo ihò náà.

Àwọn àgbà kùn. Alájà ní, “Bó bá jẹ́ Orò tiyín ni, ẹ sọ pé tiyín ni, n óò padà.” Kò sẹ́ni tó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ojú, ó fi ọwọ́ ti ara ọkọ̀ rìn dé iwájú, ó bẹ̀rẹ̀ wo ihò náà, ó tilẹ̀ fi ìka kàn án. Lẹ́yìn náà ló pe àwọn onígàrí ní orúkọ, ó ní páìpù kànga ni, kí wọ́n jáde wá kí ọjà má tú. Ìlẹ̀kùn ṣí. Nígbà tí ọmọ mi tún fẹ́ sọ ti àdéhùn wa, Alájà dá a lóhùn kí n tó lanu.

“Ọkọ̀ bàbá rẹ gun òkè. Ẹ̀rù ló sọ wọ́n kalẹ̀. Bọ́ sẹ́yìn jàre, èmi ni n óò jókòó níwájú.”

Ọmọ mi bọ́ sẹ́yìn, sáàárín àwọn onígàrí. Bí ọ̀rọ̀ títà ṣe tán nìyẹn, títí di òní.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ìrántí náà ti máa ń dúró fún mi. A ti kọjá Àgọ́-Ìwòyè àti Òrù, a ti fi Ògbèrè sílẹ̀, inú igbó nìkan la wà, nígbà tí Alájà ní kí n dúró, kí n yọ ọṣẹ yẹn kúrò. Mo bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní kí n yọ ọ́. Mo tẹná, páìpù sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn tún bojú, ara wọn kò gbà. Alájà jókòó gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gbaragada, ó ń wo ọ̀nà, ó ń wo igbó, ohùn náà ń ké lórí gbogbo wa. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní ó ti tó, mo sì tún dí i. Nígbà tí a dé Ibiade, ọmọ mi bi í pé kí ló fẹ́ gbọ́ níbẹ̀. Ó ní, “Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ láìbojú ni.” Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó wọ ọjà lọ.

Èmi tí wọ́n bí lọ́kùnrin, tí n kò sá wọlé fún Orò rí, mo rò pé mo mọ ohùn yẹn dáadáa. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ìdajì kan péré ni mo mọ̀, pé ìdajì tó kù wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, lábẹ́ ìborùn, níbi tí ọkàn ti ń lù kìkì. N kò ní kí àṣà ìlú yí padà. Ta ni mí? Ṣùgbọ́n bí ìkéde Orò bá ti jáde báyìí, tí mo gbọ́ tí wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn ládùúgbò, mo máa ń dá ìtàn tí mò ń pa dúró, n óò sì fetí sí ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan títí èyí tó gbẹ̀yìn á fi tì.